Àwọn Tí Wọ́n Fi Ìgbì Òkun Ṣe Ọ̀nà

Bí ènìyàn bá dúró ní Ajílété kí ó sì kọjú sí gúúsù, kò lè rí òkun, bẹ́ẹ̀ ni kò lè gbọ́ ariwo rẹ̀, nítorí igbó, àbàtà àti ọ̀sà ni ó wà láàrin òun àti etí omi. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ilẹ̀ Yewa ti ṣe di ojú ọ̀nà tí àwọn oníṣòwò Ọ̀yọ́ ń gbà lọ sí Àjàṣẹ́ àti Àgbádárìgì, àfi kí ó kọ́kọ́ mọ ìwà òkun náà, alágbalúgbú omi tí ń fọ́ sí etí yanrìn gígùn kan ṣoṣo, láti ẹnu odò Volta ní ilẹ̀ Gánà, gba iwájú Lómè, Àjùdá àti Kútọnu, títí dé Èkó, tí a kò sì rí ibi kan ní gbogbo gígùn rẹ̀, yàtọ̀ sí ẹnu ọ̀sà Èkó, tí ọkọ̀ lè forí pamọ́ sí láyé àtijọ́.

Ìgbì náà kì í ṣe ọmọ onílẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ ayé lọ́hùn-ún, ní apá gúúsù òkun Àtìláńtíìkì, ni ìjì líle ti ń rú omi sókè, omi náà a sì rin ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà kí ó tó fojú kan ilẹ̀ wa. Bí ó ti ń bọ̀ ni ó ń to ara rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí yóò bá fi dé iwájú Àgbádárìgì, ó ti di òkè omi gígùn tí ọ̀kan ń tẹ̀lé èkejì lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìdí nìyí tí òkun fi ń bú ramúramù ní ọjọ́ tí atẹ́gùn kò mi ewé àgbọn kan ní etíkun. Láti oṣù kẹrin títí dé ìkẹwàá ni agbára rẹ̀ ń pọ̀ jù. Bí ọyẹ́ bá dé, a rọlẹ̀ díẹ̀.

Òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru, ni àwọn àgbà wí. Àwọn ará etíkun fi òkun sílẹ̀ fún òkun, wọ́n mú ọ̀sà tí ó wà lẹ́yìn yanrìn, omi pẹ̀lẹ́ tí odò Yewa tiwa pẹ̀lú ń ṣàn lọ bá, wọ́n sì fi ṣe ọ̀nà ọjà àti ibi ẹja pípa. Bosman, ará Họ́láǹdì, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1704 pé ní Àjùdá, bí òkun bá ru tí kò jẹ́ kí ọjà gúnlẹ̀, wọn a máa rú ẹbọ sí i. Snelgrave, ọ̀gákọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ tirẹ̀ ní 1734 pé àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́, tí wọ́n ń lé ogun Dahomey ká bí ẹni lé eṣú, kò gbọdọ̀ fi ojú kan òkun, nítorí òkun ni òrìṣà wọn, ó sì jẹ́ èèwọ̀ fún wọn láti wò ó. Alágbára tí ayé ń bẹ̀rù dúró lẹ́yìn ọ̀sà, àwọn ará Yewa àti àwọn Ègùn sì di alárinà láàrin òun àti ọkọ̀ òyìnbó.

Ta wá ni ó ń kó ẹrù la ìgbì kọjá? Àwọn atukọ̀ ni. Láti Elmina àti Cape Coast ní ilẹ̀ Gánà ni àwọn òyìnbó ti ń háyà wọn wá sí Àjùdá, tàwọn ti ọkọ̀ ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́ wọn, èyí tí a ń fi iye àjẹ̀ rẹ̀ pè, láti alájẹ̀ mọ́kànlá dé alájẹ̀ mọ́kànlélógún. Àwọn wọ̀nyí kò kọ́ iṣẹ́ náà lágbà. Barbot, ará Faransé, rí àwọn ọmọdé Elmina ní 1679 tí wọ́n ń fi pátákó kékeré àti ìdì koríko kọ́ odò wíwẹ̀. Nígbà tí ó sì di 1834, Alexander, ajagun Gẹ̀ẹ́sì kan, rí àwọn ọmọkùnrin ní Accra tí wọ́n dùbúlẹ̀ lórí pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí wọ́n lúwẹ̀ẹ́ bọ́ sínú òkun, tí wọ́n dúró de ìgbì, tí wọ́n sì gùn ún padà sí èbúté. Eré ọmọdé ni lójú àlejò. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí á wo bí wọ́n ti ń ṣe é. Wọn a gbé ọkọ̀ sí etí omi pẹ̀lú ẹrù nínú rẹ̀, ọ̀gá wọn a dúró ní ìdí ọkọ̀, àjẹ̀ gígùn lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì ní kúrò lára omi. Ìgbì ńlá kì í dá wá; mẹ́ta, mẹ́rin a tẹ̀lé ara wọn, lẹ́yìn náà ni ojú omi yóò rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ìgbà díẹ̀ náà ni ọ̀gá ń wá. Bí ó bá ti pariwo, gbogbo ọwọ́ a ti ọkọ̀ wọ omi, wọn a fò wọ inú rẹ̀, wọn a sì máa wà á tagbára tagbára kí òkè omi tí ń bọ̀ tó ga tó èyí tí yóò dà lé wọn lórí. Bí ó bá pẹ́ jù, ọkọ̀ a dojú dé, ẹrù a rì, ẹja ẹkùn a sì wà nítòsí. Bí a bá ń padà bọ̀ ni ó tilẹ̀ léwu jù, nítorí ẹ̀yìn ni ìgbì ti ń lé ni bọ̀.

Owó ẹyọ tí a kó gba Àjùdá, láti erékùṣù Maldives títí dé àwọn ọjà wa, ọwọ́ irú àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀ gbà wọlé. Ní ìparí oṣù kọkànlá 1825 ni Clapperton, arìnrìn-àjò òyìnbó, gúnlẹ̀ ní Àgbádárìgì kí ó tó gba Ìlaròó àti Ìjànà, níbi tí Oníṣàre ti ń ṣojú Aláàfin, lọ sí Ọ̀yọ́ Ilé. Freeman, ajíhìnrere, dé Àgbádárìgì ní oṣù kẹsàn-án 1842, Townsend, ajíhìnrere bíi tirẹ̀, dé ibẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún náà. A mọ orúkọ wọn. A kò mọ orúkọ ẹni tí ó gbé irú wọn la omi kọjá. Ó dùn mí. Síbẹ̀ a kò gbọdọ̀ fi òótọ́ kejì pamọ́: ọkọ̀ yìí kan náà ni ó kó àwọn ọmọ wa tí a dè ní ṣẹkẹṣẹkẹ jáde lọ, àwọn mìíràn sì rì sínú ìgbì kí wọ́n tó dé ọkọ̀ ńlá.

Irin àti òkúta ni ó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn. Faransé kọ́ afárá irin wọ inú òkun ní Kútọnu ní 1891, Jámánì kọ́ tirẹ̀ ní Lómè ní 1904, òkun sì fọ́ ti Lómè ní 1911. Ní Èkó, yanrìn dí ẹnu ọ̀sà lábẹ́ omi débi pé Forcados ni ọkọ̀ ńlá ti ń já ẹrù Èkó sílẹ̀, kí ọkọ̀ kékeré tó máa kó o bọ̀. Láti 1908 ni ìjọba ti ń to òkúta wọ inú òkun ní apá méjèèjì, ní 1914 sì ni ọkọ̀ ńlá bẹ̀rẹ̀ sí wọlé. Accra fi ọkọ̀ àjẹ̀ jà títí tí èbúté Tema fi ṣí ní 1962.

Ṣùgbọ́n yanrìn ń rìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn, ògiri òkúta Èkó sì dá a dúró. Apá ìwọ̀-oòrùn kún, òkun sì jẹ apá ìlà-oòrùn, ní Bar Beach, wọlé ju kìlómítà kan lọ láàrin ọgọ́ta ọdún. Ní ẹ̀gbẹ́ ògiri yìí náà ni Tarkwa Bay wà, níbi tí ìgbì ti ń fọ́ létòlétò, tí àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ sì ń fi pátákó gùn ún lónìí.

Ní Aného, ní ilẹ̀ Tógò, àwọn ìdílé ṣì wà tí wọ́n ṣẹ̀ wá láti Elmina nídìí iṣẹ́ ọkọ̀ wíwà yìí. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ìtàn ọ̀nà Ìlaròó àti Ajílété kí ó pé, kí ó má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ẹnubodè ọjà. Kí ó lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ìdílé náà, kí ó béèrè oríkì àwọn baba ńlá wọn nígbà tí àwọn tí ó lè kì í ṣì wà láàyè.