Nígbà Tí Ààbọ̀ Pákó Ta Odindi Yọ

Ohun kékeré kan wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń gbé kọ́ ìdí ọkọ̀ ojú omi, tó máa ń yí bírí nínú omi. Pùròpẹ́là ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá ra ẹ́ńjìnnì olówó gọbọi, tó wá fi pùròpẹ́là tí kò bá ọkọ̀ rẹ̀ mu sí i, bí ẹni ń da epo sínú ọ̀sà ni. Ẹ má sì rò pé àwa tó ń wọ ọkọ̀ láti Ìkòròdú sí Èkó nìkan lọ̀rọ̀ yìí kàn. Ó ti kó àwọn òyìnbó tó gbọ́n jù láyé sí wàhálà rí.

Nígbà tí ọkọ̀ onísítíìmù kọ́kọ́ dé, kẹ̀kẹ́ ńlá méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ń gbá omi sẹ́yìn. Lórí odò tó pa rọ́rọ́, kò burú. Ṣùgbọ́n bí ìgbì òkun bá mú ọkọ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kẹ̀kẹ́ kan á rì, èkejì á máa yí lófìfo. Tó bá wá jẹ́ ọkọ̀ ogun, ọta ìbọn àgbá kan ṣoṣo tó bá ba kẹ̀kẹ́ yẹn, ó parí.

Ẹni tí ìtàn rẹ̀ wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀mọ̀wé rárá. Àgbẹ̀ ni, ẹran ọ̀sìn ló ń sìn ní Hendon, lẹ́bàá London. Francis Pettit Smith lorúkọ rẹ̀. Lóṣù karùn-ún ọdún 1836 ló gba ìwé àṣẹ lórí pùròpẹ́là tirẹ̀. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ tí John Ericsson, ọmọ ilẹ̀ Sweden, fi gba tirẹ̀ náà ní London kan náà. Pákó ni Smith fi ṣe é, ó gbẹ́ ẹ bí ìṣó tí a ń lọ́ wọ igi, ó sì yí po lẹ́ẹ̀mejì gbáko. Èrò rẹ̀ ni pé bó bá ṣe gùn tó ni yóò ṣe di omi mú tó.

Lọ́dún 1837, ó ń dán ọkọ̀ kékeré rẹ̀ wò lórí odò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ ní Paddington. Ni pákó bá kọ lu nǹkan nínú omi, ààbọ̀ rẹ̀ bá já dànù. Ẹlòmíràn ì bá ti káwọ́ lérí. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n rí? Ọkọ̀ tó yẹ kó dúró tún bẹ̀rẹ̀ sí sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ! Odindi pákó yẹn kàn ń fara ha omi lásán ni. Smith kò bá oríire jà. Ó ṣe òmíràn tó yí po lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ó gbé ọkọ̀ kékeré yìí bọ́ sójú òkun, ó wà á dé Hythe, ìlú tí wọ́n gbé bí i, ó sì la ìjì kọjá nígbà tó ń padà bọ̀. Ìgbà yẹn làwọn ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì tó ń fojú tín-ínrín rẹ̀ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí yírùn padà.

Gbogbo ayé ló mọ ìtàn ọkọ̀ ogun Rattler àti Alecto, tí wọ́n so nídìí pọ̀ lọ́dún 1845 kí wọ́n fa ara wọn. Rattler tó ní pùròpẹ́là fa Alecto ẹlẹ́sẹ̀-kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn bí ẹran iléyá. Ìran tó dùn ún wò ni, àmọ́ lójú tèmi, eré lásán ni. Ẹ́ńjìnnì Rattler ló ń tú agbára jáde jù, àwọn ọ̀gá ogun sì ti ń pàṣẹ ọkọ̀ onípùròpẹ́là ṣáájú ọjọ́ náà. Iṣẹ́ gidi ni èyí tí wọ́n ti fi Rattler ṣe ṣáájú: wọ́n ń bọ́ pùròpẹ́là kan, wọ́n ń de òmíràn, títí wọ́n fi rí èyí tó bá a mu, onípá méjì.

Brunel, ọ̀gá nínú àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, kò bọ́ nínú ẹ̀. Ó fi pùròpẹ́là onípá mẹ́fà sí ọkọ̀ ńlá rẹ̀, Great Britain, tí wọ́n sọ sómi lọ́dún 1843. Kò pẹ́ tí apá rẹ̀ fi ń ká dànù lójú òkun, ni wọ́n bá fi onípá mẹ́rin rọ́pò rẹ̀.

Ti Charles Parsons tún yàtọ̀. Lọ́dún 1894, ó fi pùròpẹ́là kan sí Turbinia, ẹ́ńjìnnì ń yí bí iná, ọkọ̀ kò sì sáré tó bó ṣe fẹ́. Pùròpẹ́là ń yára débi pé omi tútù ń hó lẹ́yìn rẹ̀ bí omi orí iná, ihò òfìfo ló wá ń gbá dípò omi. Parsons pín agbára náà sórí ọ̀pá mẹ́ta, pùròpẹ́là mẹ́ta lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún 1897, níwájú gbogbo ọkọ̀ ogun tó wá bá Ọbabìnrin Victoria ṣàjọyọ̀, Turbinia ń sá kiri láàárín wọn, kò sí èyí tó lè lé e bá.

Nígbà tí Ole Evinrude, ọmọ Norway tó tẹ̀dó sí Milwaukee ní Amẹ́ríkà, wá bẹ̀rẹ̀ sí ta ẹ́ńjìnnì ìdí ọkọ̀ lọ́dún 1909, agbára ẹṣin kan àbọ̀ péré ló ní. Lónìí, àwọn ọlọ́gọ́rùn-ún méjì wà, ìbéèrè Smith ṣì wà nílẹ̀.

Ẹ wo ara pùròpẹ́là, ẹ ó rí nọ́ńbà méjì, bíi 13 àti 19. Àkọ́kọ́ ni ìbú rẹ̀ ní ínǹṣì. Èkejì ni ìṣísẹ̀ rẹ̀: bó ṣe yẹ kó lọ síwájú tó bó bá yí lẹ́ẹ̀kan, bí omi kò bá yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìṣísẹ̀ gígùn dà bíi jíà kẹrin, kúkúrú dà bíi jíà kìíní. Ọkọ̀ tó kó èrò àti àpò gàrí kún, tó wá fi ìṣísẹ̀ gígùn sí i, bíi lọ́rì tó fẹ́ fi jíà kẹrin gun òkè ni. Ẹ́ńjìnnì á máa kérora, kò sì ní pẹ́ bàjẹ́. Bó bá sì kúrú jù, ẹ́ńjìnnì á máa sáré kọjá ààlà rẹ̀. Ìwé tó bá ẹ́ńjìnnì wá ló ń sọ ààlà yìí; fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, láàárín 5,000 sí 6,000 yíyí ní ìṣẹ́jú kan ni, bí a bá tẹ iná dópin. Tí kò bá dé ibẹ̀ pẹ̀lú ẹrù tó ń gbé lójoojúmọ́, ẹ dín ìṣísẹ̀ kù; ínǹṣì kan máa ń fi bíi 150 sí 200 kún un.

Ní ti ọ̀sà wa, nǹkan mìíràn wà. Láti ọdún 1984 tí ewéko orí omi tí wọ́n ń pè ní water hyacinth ti gba Bàdágírì wọlé, òun ló ń lọ́ mọ́ pùròpẹ́là bí owú mọ́ ìrànwú. Kò sí nọ́ńbà tó rí tìyẹn ṣe. Wọn á pa ẹ́ńjìnnì, wọn á gbé ìdí rẹ̀ sókè, awakọ̀ á tẹ̀ síta, á máa fi ọ̀bẹ gé e.