Ọ̀dà Inú Àpòòtọ̀ àti Ọ̀dà Inú Túùbù: Ìmọ̀ Ọ̀dà Lọ́wọ́ Àwọn Ayàwòrán Ilẹ̀ Yúróòpù

Nígbà tí ènìyàn bá dúró níwájú àwòrán olóròóró ti ilẹ̀ Yúróòpù, ohun méjì ni ó sábà máa ń béèrè: ta ni ó yà á, ta ni a sì yà síbẹ̀? Ìbéèrè kẹta kì í sábà wáyé, èyíinì ni, ta ni ó lọ ọ̀dà rẹ̀? Ìdáhùn sí ìbéèrè kẹta yìí yí padà pátápátá láàárín ọdún 1400 sí ọdún 1900. Ìyípadà náà ṣe àwọn ayàwòrán lóore púpọ̀, ṣùgbọ́n ó gba ohun kan lọ́wọ́ wọn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tètè mọ̀ pé ó ti lọ.

Ìtàn tí ó gbajúmọ̀ jù nípa ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀dà olóròóró kì í ṣe òtítọ́. Giorgio Vasari, ará Ítálì, tí ó tẹ ìwé ìtàn ìgbésí ayé àwọn ayàwòrán jáde ní 1550, sọ pé Jan van Eyck ará Flanders ni ó dá ọgbọ́n náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Theophilus, tí òun jẹ́ ẹni ìsìn ní ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́, ti kọ ọ́ sínú ìwé ní nǹkan bí 300 ọdún ṣáájú van Eyck, bí a ti ń fi òróró irúgbìn ọ̀gbọ̀ po ọ̀dà. Àní ní 2008, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kéde pé wọ́n rí òróró nínú àwọn àwòrán ara ihò àpáta Bamiyan ní Afghanistan, èyí tí ó ti wà láti nǹkan bí ọ̀rúndún keje. Iyì van Eyck kò sí nínú pé ó kọ́kọ́ lo òróró. Ó wà nínú bí ó ti ń tẹ́ ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé ara wọn, tí ìmọ́lẹ̀ fi ń wọlé tí ó sì ń padà jáde, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i lára àwòrán pẹpẹ ńlá Ghent tí ó parí ní 1432.

Òróró ọ̀gbọ̀ kì í gbẹ bí omi ti ń gbẹ. Omi a máa fò lọ, ṣùgbọ́n òróró yìí a máa gba ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ mọ́ra díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi le bí awọ. Nítorí náà ayàwòrán lè pa ojú ènìyàn tí ó yà lánàá rẹ́ lónìí, ó sì lè po àwọ̀ méjì pọ̀ lórí aṣọ fúnra rẹ̀ láìkánjú. Ṣùgbọ́n ìwà kan náà ni ó sọ ọ̀dà di ohun tí a kò lè fi pamọ́: bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án, ó bẹ̀rẹ̀ sí í le nìyẹn.

Ìwé tí Cennino Cennini kọ ní Ítálì ní nǹkan bí ọdún 1400 jẹ́ kí á mọ ohun tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ọdún 13 ni ó kà fún un. Ọdún kan ni yóò fi kọ́ bí a ti ń fa ìlà. Ọdún mẹ́fà ni yóò fi máa lọ ọ̀dà, tí yóò máa se àtè, tí yóò sì máa tọ́jú pátákó tí ọ̀gá yóò yàwòrán sí. Ọdún mẹ́fà mìíràn ni yóò wá fi kọ́ bí a ti ń kun ọ̀dà gan-an. Irun ẹlẹ́dẹ̀ funfun ni Cennini ní kí a fi ṣe búrọ́ọ̀ṣì líle, kí a sì kọ́kọ́ máa fi kun ògiri títí irun náà yóò fi rọ̀, kí ó tó dé orí àwòrán. Irun ìrù ọ̀kẹ́rẹ́ ni ti búrọ́ọ̀ṣì kékeré. Inú ihò ìyẹ́ igún, ti adìẹ tàbí ti àdàbà ni a óò kì í bọ̀, gẹ́gẹ́ bí ó bá ti tóbi tó.

Ọ̀ràn àwọ̀ búlúù ni ó fi ìṣòro iṣẹ́ náà hàn jù lọ. Òkúta kan tí a ń wà nínú òkè Badakhshan, ní Afghanistan, ni wọ́n fi ń ṣe èyí tí ó dára jù, orúkọ rẹ̀ lédè wọn sì túmọ̀ sí ohun tí ó ti ìkọjá òkun wá. Bí a bá gún òkúta náà lásán, eérú ni yóò jọ. A ní láti gún un kúnná, kí a pò ó mọ́ oje igi àti ìda oyin bí ìyẹ̀fun tí a ń pò, kí a sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán. Lẹ́yìn náà ni a óò máa fi ọ̀pá méjì tẹ̀ ẹ́ nínú omi eérú, tí búlúù yóò fi máa jábọ́ sí ìsàlẹ̀ abọ́ tí ìdọ̀tí yóò sì kù sínú ìda. Èyí tí ó kọ́kọ́ jáde ni olówó iyebíye. Èyí tí ó jáde kẹ́yìn kò ju eérú lọ. Aláró Abẹ́òkúta tàbí ti Òṣogbo yóò rí ohun tí ó mọ̀ dáadáa níhìn-ín: omi eérú, ìdúró ọjọ́, àti ojú tí ó lè sọ ìgbà tí ó tó.

Àwọ̀ funfun, ní tirẹ̀, wá láti ara òjé. Àwọn ará Netherlands a máa ká òjé sínú ìkòkò amọ̀ tí ọtí kíkan wà nísàlẹ̀ rẹ̀, wọn a sì bo ìkòkò náà mọ́ inú ìgbẹ́ ẹṣin fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Ooru ìgbẹ́ àti èéfín ọtí kíkan yóò jẹ òjé náà títí yóò fi hu èépá funfun. Májèlé ni èépá yìí, eruku rẹ̀ sì ba ayé ọ̀pọ̀ àwọn tí ń lọ̀ ọ́ jẹ́. Kò yẹ kí á gbàgbé èyí nígbà tí a bá ń yin ìgbà àtijọ́.

Nígbà tí ó yá, àwọn oníṣòwò ọ̀dà dìde ní àwọn ìlú ńlá, àwọn ayàwòrán sì ń ra ọ̀dà tí a ti lọ̀. Àpòòtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń dì í sí, tí wọ́n á fi okùn so lẹ́nu. Ayàwòrán yóò fi ìṣó gún un, yóò fún ìwọ̀nba ọ̀dà jáde, yóò sì fi ìṣó náà dí ojú ihò. Àpòòtọ̀ a máa bẹ́ lójú ọ̀nà, ọ̀dà inú rẹ̀ a sì máa le lẹ́yìn tí a bá ti gún un. Nítorí náà ọ̀pọ̀ ayàwòrán a máa jáde lọ wo oko àti odò, wọn a fi pẹ́ńsù fa ìlà wọn, wọn a sì padà wá kun ọ̀dà nínú yàrá iṣẹ́.

John Goffe Rand, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà tí ń gbé ní London, ni ó yanjú ọ̀ràn náà. Ní 1841 ó gba ìwé àṣẹ fún túùbù tí a fi tánńganran ṣe, irú èyí tí ọṣẹ ìfọyín wá ń wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn náà. A lè tẹ̀ ẹ́, a lè dé e, a sì lè fi í sápò. Renoir ni wọ́n sọ pé ó gbà pé, bí kò bá sí túùbù yìí, irú iṣẹ́ tí òun, Monet àti Pissarro ṣe ní gbangba oko ìbá má ti wáyé. Túùbù kan náà lè wọ ọkọ̀ òkun dé ibi tí kò sí ẹni tí ń lọ ọ̀dà olóròóró rárá. Aina Onabolu, tí a bí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1882, ti ń yàwòrán ènìyàn ní Èkó kí ó tó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní London ní 1920. Ìran tí ó bá ọ̀dà nínú túùbù ni òun pẹ̀lú.

Kí ni ó wá sọnù? Ọ̀dà tí yóò pẹ́ lórí pẹpẹ ìsọ̀ ní láti ní ohun tí kò ní jẹ́ kí òróró rẹ̀ yọ sókè, oníṣòwò ni ó sì mọ ohun tí òun fi sí i. Kì í ṣe túùbù ni ó dá àìmọ̀ yìí sílẹ̀. Joshua Reynolds kú ní 1792, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn ènìyàn inú àwòrán rẹ̀ ti ń funfun lójú ayé rẹ̀, nítorí pupa tí ó lò kò lè dúró níwájú ìmọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n túùbù ni ó sọ àìmọ̀ náà di ti gbogbo ènìyàn. Ní 1880 William Holman Hunt dìde níwájú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ọnà ní London, ó sì ráhùn pé ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ ayé àtijọ́ mọ̀ nípa ọ̀dà ju ọ̀gá ayé òun lọ. Ìráhùn àgbà ni, ó sì lè ti sọ ọ́ kọjá ààlà díẹ̀, ṣùgbọ́n òtítọ́ wà nínú rẹ̀.

Irú ọ̀ràn yìí dé ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú. Nígbà tí aró òyìnbó àti sódà wọ Abẹ́òkúta, aláró tí kò ní ẹlú tàbí eérú lè rẹ aṣọ ní kíákíá. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé àdìrẹ kò dára mọ́. Ní àárín àwọn ọdún 1930, Aláké Ademola Kejì fi òfin de àwọn ohun èlò tuntun náà, ọ̀pọ̀ aláró sì tako òfin ọ̀hún. Wọn kì í ṣe òmùgọ̀: ohun tí ó yá tí kò sì wọ́n ni wọ́n ń jà fún, gẹ́gẹ́ bí ayàwòrán Paris yóò ti ṣe bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gba túùbù lọ́wọ́ rẹ̀.

Vincent van Gogh ni àpẹẹrẹ tí ó dunni jù. Ní 1888 ó wà ní Arles, ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Faransé, ó sì ń kọ̀wé sí Theo àbúrò rẹ̀ ní Paris pé kí ó fi túùbù ọ̀dà ránṣẹ́, iye báyìí funfun, iye báyìí yẹ́lò. Lára wọn ni pupa kan wà tí a fi eosin ṣe, ohun tí àwọn onímọ̀ kẹ́místrì ṣẹ̀ṣẹ̀ mú jáde láti nǹkan bí ọdún 1870. Ẹwà rẹ̀ pọ̀, kì í sì í pẹ́ ṣá. A kò lè sọ pé van Gogh kò gbọ́: òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sí Theo pé àwọn àwọ̀ tuntun wọ̀nyí kò dúró, àti pé nítorí náà ó yẹ kí a lò wọ́n kí wọ́n ràn gan-an, nítorí ọjọ́ orí yóò dín wọn kù. Ó mọ àìsàn náà, ṣùgbọ́n kò sí oògùn lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí kì í ṣe òun ni ó lọ ọ̀dà náà.

Ní ọdún yẹn ni ó ya àwòrán yàrá tí ó ń sùn, ó sì tún un yà lẹ́ẹ̀mejì ní 1889. Nínú lẹ́tà rẹ̀ ó sọ pé ògiri yàrá náà jẹ́ àwọ̀ elése àlùkò tí kò ràn. Ẹni tí ó bá wò ó lónìí, ògiri búlúù ni yóò rí. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ní Chicago yẹ ẹyọ ọ̀dà bíńtín kan wò lára èyí tí ó wà lọ́dọ̀ wọn, wọ́n yí i dojú dé, ẹ̀yìn rẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ kò tíì kàn sì ṣì jẹ́ elése àlùkò.