ỌGBỌ́N ÌWÀÁSÙ ÀWỌN ÀPỌ́SÍTÉLÌ: Ẹ̀KỌ́ FÚN ÀWA TÒNÍ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ní ìdálẹ̀ tí a wà yìí, àti Mùsùlùmí àti Kristẹni ló wà nínú ẹgbẹ́ wa. Síbẹ̀, a ti jókòó níbi ìsọmọlórúkọ tí oníwàásù kan ti bú ẹ̀sìn ìdajì àwọn tó wà níjòókòó, tí àwọn kan sì dìde lọ láì jẹun. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó kọ́kọ́ wàásù ìhìn rere ṣe ń ṣe é? Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn Pọ́ọ̀lù nínú ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, láàárín nǹkan bí ọdún 47 sí 55 Sànmánì Kristẹni.

Ní Áńtíókù ti Písídíà (orí 13), inú sínágọ́gù ni ó ti sọ̀rọ̀. Àwọn tó mọ Òfin àti ìwé àwọn wòlíì ni ó bá níbẹ̀, nítorí náà ó bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn baba ńlá wọn àti Ọba Dáfídì kí ó tó kan Jésù. Nígbà tí ó dé Lísírà (orí 14), àwọn abọ̀rìṣà ni ó bá. Kò dárúkọ Dáfídì fún wọn. Òjò tó ń rọ̀ àti àsìkò ìkórè ni ó fi ṣàlàyé Ọlọ́run alààyè. Ní Áténì (orí 17), ó kọ́kọ́ rìn káàkiri ìlú, ó rí ojúbọ kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọlọ́run tí wọn kò mọ̀. Ibẹ̀ ni ó ti mú ọ̀rọ̀ sọ, ó sì lo ọ̀rọ̀ akéwì wọn.

Kò fi òtítọ́ pamọ́ o. Ó sọ fún wọn nípa àjíǹde. Àwọn kan fi ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn kan ní àwọn yóò tún gbọ́, àwọn díẹ̀ sì gbà. Pọ́ọ̀lù kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ní Éfésù (orí 19), àwọn alágbẹ̀dẹ fàdákà dá rògbòdìyàn sílẹ̀ nítorí ọjà òrìṣà wọn. Akọ̀wé ìlú fúnra rẹ̀ ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́, ó ní àwọn ọkùnrin wọ̀nyí kò jalè ní tẹ́ḿpìlì, wọn kò sì bú òrìṣà àwọn. Ẹni tí kì í ṣe onígbàgbọ́ ló jẹ́rìí yìí!

Ọmọ Yorùbá kan náà tọ ọ̀nà yìí. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, tó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, dé ọ̀dọ̀ Ẹ́míà Ìlọrin ní 1872. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè nípa ẹ̀sìn rẹ̀, kò bá wọn jiyàn. Ìwé Mímọ́ ní èdè Yorùbá ni ó ṣí, tí ó sì kà sí wọn létí.

Ẹ̀kọ́ wa nìyí: kí a mọ ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀, kí a sọ òtítọ́ láìsí èébú, kí a fi ìyókù sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Bí a bá kúrò lọ́dọ̀ aládùúgbò tí kò gba ọ̀rọ̀ wa, ǹjẹ́ ó lè jẹ́rìí wa bí akọ̀wé Éfésù ti jẹ́rìí Pọ́ọ̀lù? Kí Olúwa má ṣe tú ẹgbẹ́ wa ká. Àmín.