Igbó Àtijọ́ Lábẹ́ Òfin Tuntun

Ní ọdún 1938 ni ìwé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Ọmọ Òkè-Igbó ni D. O. Fágúnwà tí ó kọ ọ́. Olùkọ́ ni, ètò ìkọsílẹ̀ tí àwọn míṣọ́nnárì fẹnu kò lé lórí ní ìpàdé Èkó ní 1875 ni a sì fi tẹ ìwé náà. Omi gbé òǹkọ̀wé náà lọ nítòsí Bídà ní oṣù Kejìlá 1963. Ní 1966, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn yan ìgbìmọ̀ kan láti yẹ àkọtọ́ Yorùbá wò. Nígbà tí ó fi di 1974, àkọtọ́ tuntun ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Báyìí ni igbó tí Akàrà-ògùn rìn ṣe bọ́ sí abẹ́ òfin tí ẹni tí ó dá igbó náà kò mọ̀, tí kò sì sí láyé mọ́ láti sọ èyí tí ó fẹ́ àti èyí tí kò fẹ́.

Ọ̀pọ̀ nínú àtúnṣe náà kò ní wàhálà. Aiye di ayé, enia di ènìyàn, nwọn di wọ́n, yio di yóò, nigbati di nígbà tí. Àmì tí ó ká bí ejò lórí õ àti ã kúrò, a sì ń kọ fáwẹ́lì náà lẹ́ẹ̀mejì. Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún kò sọ ojú kan nù nínú gbogbo rẹ̀.

Ọdún 1974 yìí kan náà ni Gary Gygax àti Dave Arneson gbé eré kan jáde ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n pè ní Dungeons & Dragons. Orí tábìlì ni wọ́n ti ń ṣe é, ṣùgbọ́n kò rí bí ayò tàbí lúdò, níbi tí ẹnì kan ti ń jẹ ẹnì kejì. Eléré kọ̀ọ̀kan a gba ipò ẹ̀dá kan, ìbáà ṣe jagunjagun tàbí oṣó. Ẹnì kan láàárín wọn a máa ròyìn ihò àti aginjù tí wọ́n wọ̀. Dáìsì, tí òmíràn nínú wọn ní ojú ogún, a sì pinnu bóyá idà ba ọ̀tá tàbí ó tàsé. Ẹni tí ó ti mọ Kàkó oníkùmọ̀, Ìmọ̀dóye ọlọ́gbọ́n, àti Olóhùn-iyọ̀ olórin, bí wọ́n ṣe kó ara wọn jọ tí wọ́n gba ọ̀nà Òkè Lángbòdó lọ, kò ní kí ẹnikẹ́ni tún là á yé òun.

Àwọn eléré náà ní ayé ìtàn tiwọn. Èyí tí Ed Greenwood dá, Forgotten Realms, di ohun títà fún eré náà ní 1987. Òfin eré yí padà ní 1989, ó tún yí ní 2000, ó yí ní 2008, ó sì yí ní 2014. Ti 2008 ni ó yẹ kí olùkọ́ èdè fi kọ́gbọ́n. Ìlànà idán yàtọ̀ pátápátá sí ti tẹ́lẹ̀, nítorí náà àwọn tí ó ni eré náà pa òrìṣà idán nínú ìtàn, wọ́n rán àjàkálẹ̀ idán sí ayé náà, wọ́n sì ti ọjọ́ ìtàn síwájú ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, kí ayé lè bá òfin mu. Inú bí ọ̀pọ̀ eléré. Nígbà tí òfin 2014 dé, púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n wó ni wọ́n tún kọ́ padà. Orí ni wọ́n gé kí fìlà lè wọ̀ ọ́.

Fágúnwà bọ́ nínú irú rẹ̀, kì í sì í ṣe nítorí pé a fi igbó rẹ̀ sílẹ̀ láìfọwọ́kàn. Wọlé Ṣóyínká tú u sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, ó sì fi ẹgbẹ̀rún kún orúkọ ìwé náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹgbẹ̀rún lára orúkọ tí Fágúnwà sọ ọ́. Wálé Ògúnyẹmí gbé ìrìn àjò náà lọ sórí ìtàgé nínú Lángbòdó, èyí tí Nàìjíríà fi ṣeré ní FESTAC ní 1977. Ìtàgé ní òfin tirẹ̀: ilẹ̀ kò gbọdọ̀ mọ́ bá òǹwòran lórí ìjókòó. Ṣùgbọ́n ìwé àkọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ lè padà sí i.

Àtúnkọ ní àkọtọ́ tuntun yàtọ̀ sí èyí, nítorí pé ipò ìwé àkọ́kọ́ gan-an ni ó ń gbà. Àmì ohùn kò pọ̀ nínú ìtẹ̀wé ayé àtijọ́. Bí ojú ìwé kan bá sọ pé ọdẹ "mu ọkọ", ọkọ́ ni, tàbí ọ̀kọ̀? Ẹni tí ó fi àmì sí i ti yàn ọ̀kan dípò òǹkọ̀wé. Lórí èyí, ìtàn yóò tọ́ ọ sọ́nà. Orúkọ iwin àti ti ìlú ni ó le, nítorí pé ohùn orúkọ ni ìtumọ̀ rẹ̀ wà.

Síbẹ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni torí èyí sọ pé kí a dá ìwé náà padà sí bí ó ti wà. Ìṣùà Àkókó ni kí ó wò. Ìpínlẹ̀ Oǹdó kan náà ni Ìṣùà àti Òkè-Igbó wà, ṣùgbọ́n èdè tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Uhami, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú ẹbí èdè Ẹ̀dó, ni èdè ìbílẹ̀ Ìṣùà. Etí ọmọ Ọ̀yọ́ a máa fi àmì sí ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì. Ọmọ tí ó bá gbọ́ Uhami lẹ́nu ìyá rẹ̀, tí ó sì bá Yorùbá ìwé pàdé ní kíláàsì, kò ní irú etí bẹ́ẹ̀. Ojú ìwé nìkan ni amọ̀nà rẹ̀. Fún un, àkọtọ́ tuntun ni àtùpà nínú igbó.

Ohun tí kò bójú mu ni kí olùtúnkọ fi orúkọ àkọtọ́ bojú, kí ó máa pààrọ̀ ọ̀rọ̀ tí ó le, tàbí kí ó gé gbólóhùn gígùn kúrú nítorí ọmọ ilé ìwé. Èyí kì í ṣe òfin 1974. Kò sí ìgbìmọ̀ tí ó pa á láṣẹ. Olùkọ́ ní Ìṣùà tí ó bá rí ìtẹ̀jáde àtijọ́ kan gbà lè kọ ìlà márùn-ún nínú rẹ̀ sí apá kan pátákó, kí ó kọ ti ìwé tuntun sí apá kejì, kí ó sì ní kí àwọn ọmọ fa ìlà sábẹ́ gbogbo ibi tí méjèèjì ti yàtọ̀. Èyí tí ó bá jẹ́ lẹ́tà àti àmì nìkan, kí wọ́n rékọjá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó bá yí padà, kí wọ́n béèrè ẹni tí ó yí i.