Ibi Ìdákẹ́jẹ́ ní Erékùṣù Èkó

Bí a bá bi àlejò léèrè ohun tí ó bá pàdé ní Èkó, ariwo ni yóò kọ́kọ́ sọ: ariwo Ìdúmọ̀tà, ariwo Balógun, alárù tí ń ké pé kí a yà lọ́nà. Kò purọ́. Bí ó bá mọ ìlú díẹ̀, yóò dárúkọ Ìga Ìdúngànrán ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ààfin ọba tí ìtàn sọ pé orí oko ata Arómirẹ́ ni a kọ́ ọ sí. N kò ní mú yín lọ síbẹ̀ lónìí. Ibi tí ẹsẹ̀ èrò kò pọ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dé.

Ẹ jẹ́ kí a gba òpópónà Kakawa. Ilé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Water House. João Esan da Rocha ni ó ni ín. Ọmọ Iléṣà ni. Ọmọdé ni nígbà tí a mú un lẹ́rú tí a sì tà á sí Bàhíà ní ilẹ̀ Bùràsílì. Nígbà tí ó di òmìnira, ó padà wá sí Èkó. A gbẹ́ kànga sí ilé náà. Ní ìgbà náà, omi ẹ̀rọ kò tíì dé Èkó. Ọ̀sà yí ìlú ká, síbẹ̀ omi iyọ̀ ni. Kí omi yí ènìyàn ká kí òùngbẹ sì máa gbẹ ẹ́, ẹ wo ọ̀ràn! Omi kànga yìí ni wọ́n ń tà fún ará ìlú. Candido ọmọ rẹ̀, tí ó kú ní 1959, lówó tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi di ọ̀rọ̀ ẹnu: bí ọmọ bá ń béèrè owó jù, bàbá rẹ̀ á ní, “Ṣé o rò pé èmi ni Da Rocha ni?”

Nítòsí Balógun, ní òpópónà Martins, ni Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey wà. Mohammed Shitta, oníṣòwò tí a bí sí Sàró, ni ó náwó sí i. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn Àgùdà, àwọn tí ó ti oko ẹrú Bùràsílì dé, hàn lára rẹ̀. Ní 1894 tí a ṣí i, Abdullah Quilliam wá láti Liverpool ní orúkọ Sultan Abdul Hamid Kejì ti Tọ́kì, a sì fi oyè Bey dá Shitta lọ́lá.

Ẹ̀kẹta ni Ilojo Bar ní Ìta Tinúbú. Ìdílé Fernandez kọ́ ọ ní 1855, ìdílé Olaiya rà á ní 1933, ìjọba sì kéde rẹ̀ ní 1956 gẹ́gẹ́ bí ilé ìrántí orílẹ̀-èdè. Mo kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ síbẹ̀ nígbà kan. Ọ̀kan nínú wọn mú àwòrán rẹ̀ lọ́wọ́; ó ń wo àwòrán, ó ń wo ilẹ̀, ó ní, “Tíṣà, àbí a ti ṣìnà ni?” A kò ṣìnà. Wọ́n ti wó o lulẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án, ọdún 2016. Ọjọ́ Àìkú ni, nígbà tí ọjà dákẹ́.

Ọjọ́ Àìkú kan náà ni ó dára jù láti lọ wo èyí tí ó kù. Ẹ lọ ní kùtùkùtù, kí ẹ mú àwọn ọmọ dání. Bí ẹ bá dé Kakawa, ẹ rántí pé onílé ń bẹ: ẹ kọ́kọ́ kágò.