Ìtàn Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ìṣègùn àti Àwọn Ọmọ Wa

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa, nílé àti lẹ́yìn odi, ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ni a tún gbé wá síwájú yín. Bí ọmọ wa bá yege nínú ìdánwò ìwé mẹ́wàá, àwọn òbí a ní kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà tàbí iṣẹ́ ẹnjiníà. Ẹ̀kọ́ kan wà tí ó so méjèèjì pọ̀, èyí tí àwọn yunifásítì ń pè ní biomedical engineering. Ìmọ̀ ẹ̀rọ ìṣègùn ni àwa yóò máa pè é. Ó yẹ kí a mọ orísun rẹ̀ kí a tó rán ọmọ lọ kọ́ ọ.

Iṣẹ́ náà ti wà kí ó tó ní orúkọ. Ní 1943, nígbà tí àwọn ará Jámánì gba ilẹ̀ Netherlands, dókítà Willem Kolff ní ìlú Kampen fi ọ̀rá tí àwọn alápatà fi ń di ẹran ṣe ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀ bí kíndìnrín. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn aláìsàn àkọ́kọ́ ni ó kú, ṣùgbọ́n ní 1945, obìnrin ẹni ọdún 67 kan rí ìyè.

Ní ìlú Stockholm, ọkàn Arne Larsson ń dáwọ́ iṣẹ́ dúró léraléra. Aya rẹ̀ bẹ oníṣẹ́-abẹ Åke Senning àti ẹnjiníà Rune Elmqvist, títí wọ́n fi ṣe ẹ̀rọ kékeré tí ń ta ọkàn jí, tí wọ́n sì fi í sínú ara rẹ̀ ní ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá 1958. Láàárín wákàtí díẹ̀, èkínní bàjẹ́. Wọ́n fi èkejì rọ́pò rẹ̀. Larsson kò kú títí di 2001.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Nítorí èyí ni àwọn yunifásítì fi bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ẹnì kan ṣoṣo ní ìmọ̀ méjèèjì. Case Western Reserve ní Amẹ́ríkà dá ẹ̀ka tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1968. Láàárín 1975 sí 2006, Whitaker Foundation ná ju mílíọ̀nù 700 dọ́là lọ lórí ẹ̀kọ́ yìí. Ní ilẹ̀ wa, Yunifásítì Èkó àti Yunifásítì Ìlọrin ń kọ́ni.

Ọdún márùn-ún ni ọmọ yóò fi kọ́ ìṣirò, iná mànàmáná àti ètò ara ènìyàn. Kí òbí má ṣì í mú: kì í ṣe dókítà ni yóò jáde. Bí ẹ̀kọ́ náà sì ti gbòòrò tó, ó yẹ kí ọmọ di ẹ̀ka kan mú ṣinṣin, kí ó má baà mọ díẹ̀díẹ̀ nínú ohun gbogbo.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn láti òkè òkun, ẹ ṣeun, ẹ kú ìnáwó. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí kò ní alátùnúnṣe, àpótí lásán ni; aboyún tí ń rọbí lóru kò sì lè fi àpótí gba ẹ̀mí là. Nítorí náà, nígbà tí Ẹgbẹ́ bá ń pín owó ìrànlọ́wọ́ ẹ̀kọ́, a bẹ̀bẹ̀ pé kí a ya ti ọmọ kan, ó kéré tán, sọ́tọ̀ fún ìmọ̀ yìí.

Ìlú wa yóò máa gòkè o. Àṣẹ.