ÌWỌ̀N INÚ OMI: ÌTÀN ÀWỌN AMÒÒKÙN INÚ IHÒ ÀPÁTA

Bí a bá ju òkúta sínú odò, yóò rì. Bí a bá gbé igbá òfìfo lé e, yóò léfòó. Ọmọ tí ó bá ti ń bá ìyá rẹ̀ lọ pọnmi ti mọ èyí. Ṣùgbọ́n ẹja kò rì, bẹ́ẹ̀ ni kò léfòó. Ibi tí ó bá wù ú láàrin omi ni ó ń dúró sí. Ó gba ọmọ ènìyàn ní ọjọ́ pípẹ́ kí ó tó lè ṣe bí ẹja. Ìtàn bí àwọn tí ń mòòkùn nínú ihò àpáta ṣe kọ́ ọgbọ́n náà ni mo fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí. Kókó ọ̀rọ̀ mi ni pé ohun tí ń gba amòòkùn là nínú òkun gbalasa lè pa á nínú ihò, àti pé ẹni tí ó bá gba ìwọ̀n ibòmíràn láìyẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀mí ara rẹ̀ ni ó fi ń ṣeré.

Òfin méjì ni ó wà nídìí ọ̀ràn náà. Archimedes, ọ̀mọ̀wé ará Gíríìkì tí ó gbé ní ìlú Syracuse ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Kírísítì, ni ó kọ́ wa ní èkíní: ohunkóhun tí ó bá wọ inú omi, omi yóò tì í sókè pẹ̀lú agbára tí ó dọ́gba pẹ̀lú ìwúwo omi tí ohun náà ṣí nípò. Robert Boyle, ọmọ ilẹ̀ Ireland tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Oxford, gbé èkejì jáde ní 1662: bí a bá fún afẹ́fẹ́ mọ́ra ní ìlọ́po méjì, àyè tí ó gbà yóò dín sí ìdajì. Bí amòòkùn bá sì dé mítà 10 nísàlẹ̀ omi, ohun tí ń fún un mọ́ra ti di ìlọ́po méjì ti ojú omi. Afẹ́fẹ́ tí ó wà nínú aṣọ rẹ̀ yóò súnkì di ìdajì. Nítorí náà, ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí rì, rírì rẹ̀ a máa yára sí i. Ẹni tí ó bá sì bẹ̀rẹ̀ sí léfòó, omi a máa gbé e sókè kíákíá sí i.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ wọ inú ihò olómi kò wá ọ̀nà láti dà bí ẹja. Òkúta ni wọ́n fẹ́ dà. Ní 1878, Nello Ottonelli, amòòkùn kan láti Marseille, sọ̀kalẹ̀ sínú orísun omi Vaucluse ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, ó sì dé mítà 23. Aṣọ líle tí a fi rọ́bà sí ni a ń lò láyé ìgbà náà, pẹ̀lú àṣíborí bàbà. Láti òkè ni a sì ti ń fi pọ́ǹpù fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i gba inú ọ̀pá rọ́bà gígùn. Afẹ́fẹ́ náà a máa wú aṣọ bí àpò. Kí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ tó lè rì, ó ní láti gbé òjé kọ́ àyà àti ẹ̀yìn, kí ó sì wọ bàtà tí a fi òjé ṣe àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Gbogbo ẹrù náà lè ju kìlógíráàmù 70 lọ. Lórí ilẹ̀, ẹni náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè gbẹ́sẹ̀. Lábẹ́ omi, ó ń rìn bí ẹni tí ń lọ sóko.

Irú aṣọ kan náà ni Graham Balcombe, Jack Sheppard, Penelope Powell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wọ̀ ní 1935, nígbà tí wọ́n wọ Wookey Hole, lẹ́bàá ìlú Wells ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí odò Axe ti ń ti abẹ́ òkè jáde. Ilé-iṣẹ́ Siebe Gorman ni ó yá wọn ní ohun èlò. Nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ ní ilẹ̀ náà, mo lọ wo ihò yìí. Mo dúró létí omi tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí aró tí a bomi là, ó sì yà mí lẹ́nu pé ènìyàn fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ibẹ̀. Wọ́n rìn títí wọ́n fi dé iyàrá keje ihò náà. Ṣùgbọ́n rírìn ní ààlà tirẹ̀. Ẹni tí ń rìn kò lè fò kọjá ọ̀gbun. Ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa ru ẹrẹ̀ sókè. Ọ̀pá afẹ́fẹ́ tí ó ń wọ́ lẹ́yìn a sì máa fà á padà bí ó ti ń jìnnà. Ní 1946, a dá Cave Diving Group sílẹ̀ ní ilẹ̀ náà, Balcombe sì ni aṣáájú. Wọ́n ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pá, wọ́n ń gbé ọ́síjìn tiwọn dání, ṣùgbọ́n wọn kò tí ì bọ́ bàtà wíwúwo. Rírìn ni wọ́n ṣì ń rìn.

Ní 1943, Jacques Cousteau àti Émile Gagnan ti ṣe ẹ̀rọ ìmí kan ní ilẹ̀ Faransé, tí ń fún amòòkùn ní afẹ́fẹ́ láti inú àgbá tí ó pọ̀n sẹ́yìn, ní ìwọ̀n tí ó fẹ́ mí. Amòòkùn bọ́ bàtà òjé, ó wọ bàtà rọ́bà tí ó dà bí lẹbẹ ẹja, ó sì di òmùwẹ̀. Òjé tí ó kù fún un ni èyí tí a tò sára ìgbànú, tí a ń dè mọ́ ìdí pẹ̀lú ìdè tí ọwọ́ kan lè tú. Ọgbọ́n òkun ni èyí: bí ewu bá dé, tú ìgbànú, kí omi gbé ọ lọ sókè bí igbá, síbi tí afẹ́fẹ́ wà. Ní oṣù Kẹjọ 1946, Cousteau àti Frédéric Dumas gbé ẹ̀rọ náà wọ Vaucluse, níbi tí Ottonelli ti wọ̀ ṣáájú. Láìmọ̀ fún wọn, èéfín olóró ti wọ inú afẹ́fẹ́ tí a fún sínú àgbá wọn. Orí wọn dàrú, díẹ̀ ni ó sì kù kí àwọn méjèèjì kú síbẹ̀. Okùn tí ó so wọ́n pọ̀ mọ́ àwọn tí ó wà lókè ni ó gbà wọ́n là.

Ẹ jẹ́ kí a ro ọ̀ràn ìgbànú náà wò dáadáa. Nínú ihò, òkè kì í ṣe ojú omi, àpáta ni. Ẹni tí ó bá tú òjé rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ kò ní dé ibi afẹ́fẹ́. Omi yóò gbé e lẹ̀ mọ́ àjà àpáta, yóò sì ṣòro fún un láti sọ̀kalẹ̀ mọ́ síbi okùn tí ìbá mú un padà. Ìdè tí ó jẹ́ ọ̀nà ìyè nínú òkun ti di ilẹ̀kùn ikú. Nítorí náà àwọn amòòkùn inú ihò yí ìlò náà padà: àwọn kan ń de òjé mọ́ra lọ́nà tí kò fi lè ṣèèṣì bọ́, àwọn mìíràn sì pa ìgbànú tì, wọ́n pín ìwúwo náà sára ohun èlò tí wọ́n pọ̀n.

Ìṣirò kan tún wà. Afẹ́fẹ́ pàápàá ní ìwúwo. Àgbá lítà 12 tí a fún afẹ́fẹ́ sí títí dé 200 bar ní nǹkan bí lítà 2400 afẹ́fẹ́ nínú, ìwúwo rẹ̀ sì súnmọ́ kìlógíráàmù 3. Bí amòòkùn ti ń mí, bẹ́ẹ̀ ni ẹrù rẹ̀ ń fúyẹ́. Ẹni tí ó bá wọn òjé rẹ̀ nígbà tí àgbá kún, tí ó sì ní ó tó, yóò rí i nígbà ìpadàbọ̀, nígbà tí ó ti rẹ̀ ẹ́, pé àjà ihò ń fà á mọ́ra. Ìdí nìyí tí a fi ń wọn òjé fún àgbá tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Ìwúwo àṣejù náà kò dára. Ní 1961, Maurice Fenzy, ará Faransé, gbé àpò kan jáde tí a ń fi kọ́ ọrùn, tí a lè fẹ́ afẹ́fẹ́ sí tàbí tú u jáde lábẹ́ omi. Irú àpò bẹ́ẹ̀ ni Ẹlẹ́dàá ti fi sínú ọ̀pọ̀ ẹja láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ní Florida, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí ẹrẹ̀ kúnnákúnná ti tẹ́ sílẹ̀ ọ̀pọ̀ ihò, ọgbọ́n yìí di ọ̀ràn ìyè àti ikú. Ẹni tí ó wúwo jù yóò wọ́ lórí ẹrẹ̀. Bí ẹrẹ̀ bá sì ru, àtùpà kò ní fi ọ̀nà hàn mọ́. Wọ́n kọ́ láti dùbúlẹ̀ gbọọrọ, kí wọ́n sì pín òjé kí ẹsẹ̀ má baà rì ju orí lọ. Ní 1979, Sheck Exley, amòòkùn ará Florida, kọ ìwé kan tí ó fi yẹ ikú àwọn tí ó ti ṣáájú wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fa òfin yọ: máa tẹ́ okùn láti ẹnu ihò lọ, kí o fi ìdá méjì nínú mẹ́ta afẹ́fẹ́ rẹ pamọ́ fún àtijáde, má sì ṣe lọ jìn jù sísàlẹ̀. Ẹni tí ó jìn sí kòtò ni ó kọ́ ará ìyókù lọ́gbọ́n. Lójú tèmi, ìwọ̀n ni ó gbé àwọn òfin wọ̀nyí ró, nítorí ẹni tí ń rì, tí ń léfòó, kò lè tẹ̀lé okùn, a sì máa fi afẹ́fẹ́ ṣòfò. Exley fúnra rẹ̀ kú ní 1994 nínú ihò omi Zacatón ní ilẹ̀ Mexico, níbi tí ó ti ń wá ìsàlẹ̀ jíjìn.

Ní oṣù Keje 2018, Rick Stanton àti John Volanthen, ọmọ ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní 1946 náà, rí ọmọkùnrin 12 àti olùkọ́ bọ́ọ̀lù wọn nínú ihò Tham Luang ní ilẹ̀ Thailand. Nígbà tí a ó gbé wọn jáde, a fún wọn ní oògùn oorun, a so àgbá afẹ́fẹ́ mọ́ wọn níwájú, a sì ṣe ohun ìdìmú sí ẹ̀yìn wọn. Ìwúwo tí ó wà nísàlẹ̀ a máa jẹ́ kí ara dojú bolẹ̀ láìyí. Gbogbo àwọn 13 ni ó yè. Láàrin 1935 àti 2018, òjé tí ènìyàn fi ń tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀ ti di ìwọ̀n tí a fi ń gbé ọmọ ọlọ́mọ la òkùnkùn já.